Ológbò Màmá Stella àti Pijó Jìbírílù

Ní gbogbo Ṣikágò lọ́dún 1986, kò sí ọmọ Yorùbá kan tó mọ ẹrù dì sínú mọ́tò tó Jìbírílù. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ béèrè ní Lansing, ìlú kékeré létí ààlà Indiana, níbi tí wọ́n ti ń kó mọ́tò ránṣẹ́ sílé. Bí ẹ bá fún ọkùnrin yìí ní erin, á wá àyè fún un lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn á sì tún dé. Bẹ́ẹ̀, ìyẹn kọ́ ni iṣẹ́ tó fi ń jẹun. Hòsípítù ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ti àwọn aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà láti wọ́ọ̀dù dé ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò eegun, láti agogo méje àárọ̀ títí di agogo mẹ́ta ọ̀sán.

Ọdún yẹn ló ra Pijó 504 wágùn kan lọ́wọ́ tíṣà òyìnbó kan ní Bolingbrook. Funfun báláú ni mọ́tò náà. Ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Ìwó, kó máa fi kérò lọ sí Ìbàdàn. Kó tó di ọjọ́ tí mọ́tò máa lọ, iwájú ilé tó ń gbé ní South Shore ló ń gbé e sí, láràárọ̀ ló sì ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

Ológbò ni wàhálà ibẹ̀. Màmá Stella, ìyá àgbà kan, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ló ń gbé ilé kejì, òun ló sì ni ín. Opó ni Màmá Stella. Ọkọ rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ irin ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án, àwọn ọmọ ti tú ká, ológbò yìí ló kù tí wọ́n jọ ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ológbò náà pọ́n bí epo, ó sanra bí ìrọ̀rí, Sájẹ́ǹtì sì lorúkọ rẹ̀. Ẹ wá wo bó ṣe ń rìn láàárín títì, tí mọ́tò ń dúró dè é!

Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì Pijó ni Sájẹ́ǹtì fẹ́ràn láti máa sùn, nítorí oòrùn ń pa ibẹ̀. Kí Jìbírílù tó fọ mọ́tò tán kó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé, ẹsẹ̀ ológbò á ti tò sórí funfun náà bí òǹtẹ̀ ọ́fíìsì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ológbò yín sílé."

"Ìwọ náà, mú ata rẹ sílé," ni Màmá Stella máa ń fèsì láti ojú fèrèsé. "Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ bá ti dín ata, ọjọ́ náà ni Sájẹ́ǹtì ò ní yéé sín."

"Ológbò ń sín?"

"Ó sín lẹ́ẹ̀mejìlá lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Mo jókòó, mo kà á."

Ràhámọ̀tù ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn arúgbó, máa ń fi ọ̀rọ̀ wọn rẹ́rìn-ín. "Bàbá Mùstàfá, ẹ fi ológbò sílẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹranko tó mọ́ ni lẹ́sìn wa. Kì í ṣe ajá."

"Mo mọ̀ pé ó mọ́. Kó lọ máa mọ́ lórí mọ́tò ẹlòmíì."

Kì í kúkú ṣe tìtorí mọ́tò nìkan. Láti kékeré ni Jìbírílù ò ti lè fọwọ́ kan ológbò. Bó bá ti wò ó lójú báyìí, gbogbo ara rẹ̀ á ṣe gìrì. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ọkùnrin tó ń dá àpò ìrẹsì méjì gbé lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, ọjọ́ tó fẹ́ di ẹrù gan-an. Ó jáde láàárọ̀, ó rí i pé Sájẹ́ǹtì ti bì sójú gíláàsì iwájú mọ́tò. Ni Jìbírílù bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì lọgun, ohùn rẹ̀ sì lọ débi pé àwọn ẹyẹ tó bà létí adágún fò dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Bí mo bá tún rí ológbò yìí nídìí mọ́tò mi, ẹ ò ní fojú kàn án mọ́ láyé!"

Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà dúró síbẹ̀, àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn obìnrin méjì tó ń dúró de bọ́ọ̀sì yí ojú padà. Màmá Stella ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé ológbò rẹ̀ mọ́ àyà.

"Mo gbọ́ ọ," ló wí. "Olùpín-lẹ́tà gbọ́ ọ. Ọlọ́run náà gbọ́ ọ."

Jìbírílù ò dá a lóhùn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Táyà mẹ́rin, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, páálí mílíìkì ọmọdé mẹ́fà, òkìtì aṣọ òkìríkà, bàtà, bùláńkẹ́ẹ̀tì, àti ìkòkò àlùmíníọ̀mù ńlá kan tí ìyá rẹ̀ ní òun fẹ́ máa fi se oúnjẹ sàráà. Òfin Jìbírílù ni pé afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Aṣọ á wọ inú táyà, bàtà á wọ abẹ́ ìjókòó, bùláńkẹ́ẹ̀tì á wọ inú ìkòkò. Nígbà tó ku páálí méjì péré, àkókò ìrun àsárì tó. Ọkùnrin yìí kì í sì í fi ìrun ṣeré. Ó fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu, ó wọlé lọ ṣe àlùwàlá, ó kírun, ó jáde. Ó ki páálí méjèèjì bọ àyè tó kù, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó dé. Ó sọ fèrèsé kan kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì kí aṣọ má baà bu, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Lansing.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ó wa mọ́tò lọ síbẹ̀. Ó ti kásẹ́ẹ̀tì wákà bọ rédíò, ó yí ohùn rẹ̀ sókè. Bó ṣe ń lọ ni nǹkan kan ń ké fíìn-ín, fíìn-ín lẹ́yìn. Ó pa kásẹ́ẹ̀tì, nǹkan náà dákẹ́. Ó tún tàn án, nǹkan náà tún ké.

"Bẹ́líìtì fáànù ni," ló sọ fún ara rẹ̀. Ó sì bú tíṣà Bolingbrook láti ibẹ̀ títí dé Lansing.

Ẹni tó ni ọgbà tí wọ́n ń kó mọ́tò sí ni Bádéjọ, díákónì, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Ó ní ajá gìrìwò kan tó ń ṣọ́ ọgbà, Kòkànyín lorúkọ rẹ̀. Ó fi orúkọ náà bá òyìnbó tí ọgbà wọn jọ pààlà wí, nítorí ọkùnrin náà ń yọjú sí ohun gbogbo tó ń ṣe. Ojoojúmọ́ ni Bádéjọ ń dúró létí ọgbà tó ń pe "Kòkànyín! Kòkànyín!" kíkankíkan. Òyìnbó náà á sì juwọ́ sí i tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo bẹ́líìtì fáànù rẹ̀," ni Jìbírílù wí bó ti ń fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. "Tírélà ńkọ́?"

"Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè ló ń bọ̀ wá kó wọn lọ sí èbúté Bọ́tímọ̀. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi."

Ẹnìkan tó ń bọ̀ wá sí ìgboro gbé Jìbírílù padà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo òpó iná tó wà ládùúgbò, pẹ̀lú àwòrán Sájẹ́ǹtì: "Ó ti sọnù láti ọ̀sán Sátidé." Jìbírílù ò kọ́kọ́ fiyè sí i. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀.

Ọ̀sán Mọ́ńdè ni ayọ̀ yẹn tán. Bó ṣe ti ibi iṣẹ́ dé ní nǹkan bí agogo mẹ́ta àbọ̀, Màmá Stella ló bá lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, tó jókòó pẹ̀lú àpò ìfàlọ́wọ́ lórí itan. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó yọ ìwé kan jáde.

"Mo ti kọ ọ́. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí n tó gbé e lọ." Ó wọ awò rẹ̀, ó kà á. "Ọkùnrin tó ń gbé ilé kejì lérí níṣojú olùpín-lẹ́tà àti obìnrin méjì pé n kò ní fojú kan ológbò mi mọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an, ológbò mi di àwátì. Mo gbà pé òun ló pa á."

"Màmá! Ọlọ́run gbọ́, n ò fọwọ́ kan ológbò yín!"

"Ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la, mo wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bí Sájẹ́ǹtì bá ti wà nílé kí ó tó di ìgbà yẹn, a jẹ́ pé kò sí ẹjọ́." Ó sọ ọ́ tán, ó dìde, ó lọ.

Jìbírílù sáré wọlé tọ ìyàwó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí àwọn ìmígíréṣọ̀n pè é wá fún ọ̀rọ̀ gírínkáàdì, ohun tó ti ń wá láti ọdún méje. Lọ́yà rẹ̀ ti kì í nílọ̀ pé títí di ọjọ́ yẹn, kó má jà, kó má fi mọ́tò sá eré lójú títì, kó má jẹ́ kí ọlọ́pàá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ohunkóhun. Ìwé pélébé kan láti ọwọ́ ìyá arúgbó, ó lè da gbogbo rẹ̀ nù.

Ó ṣì ń sọ ọ́ fún Ràhámọ̀tù nígbà tí tẹlifóònù dún. Bádéjọ ni.

"Jìbí, kí lo kó sínú mọ́tò yìí?"

"Ẹrù ni, ẹ̀gbọ́n. Irú ẹrù tí mo máa ń kó."

"Irọ́ ni. Láti àná ni Kòkànyín ti jókòó ti Pijó rẹ. Kò jẹun, kò lọ síbì kankan, ó ń gbó o, ó ń fi èékánná ha ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Díákónì ni mí o! Bó bá jẹ́ ohun tí ìjọba ò fẹ́ lo dì mọ́ aṣọ, sọ fún mi, torí tírélà ń bọ̀ lágogo mẹ́fà."

Jìbírílù búra títí, ó gbé tẹlifóònù sílẹ̀, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ràhámọ̀tù bi í léèrè:

"Bàbá Mùstàfá, nígbà tí ẹ wọlé wá kírun àsárì lọ́jọ́ Sátidé, báwo lẹ ṣe fi mọ́tò sílẹ̀?"

"Mo fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn..." Ìró kan tó gbọ́ lójú ọ̀nà Lansing padà sí i létí, fíìn-ín, fíìn-ín. "Yéè! Kì í ṣe bẹ́líìtì!"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, bẹ́ẹ̀ èrò náà ò dára. "Ràhámọ̀tù, gbọ́. Bí mo bá lọ sọ fún obìnrin yẹn pé inú mọ́tò mi lológbò rẹ̀ wà, ṣé kì í ṣe pé mo ti fi ọwọ́ ara mi buwọ́ lu ìwé ẹ̀sùn náà? Ta ló máa gbà pé èmi kọ́ ni mo tì í mọ́bẹ̀? Bó bá sì ti kú ńkọ́? Jẹ́ kó máa lọ sí Èkó. Ṣé kò sí ológbò l'Ékòó ni?"

"Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ!" Ràhámọ̀tù gbé bàtà iṣẹ́ tó fẹ́ wọ̀ sílẹ̀. "Ẹ ò rántí wáàsí àlùfáà lóṣù tó kọjá, ti obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò tó tì mọ́lé láìfún un ní oúnjẹ? Ẹ ń bẹ̀rù ìmígíréṣọ̀n, ẹ ò bẹ̀rù ìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Jìbírílù lára ju ti ọlọ́pàá lọ. Ó gbá tẹlifóònù mú. "Ẹ̀gbọ́n, ológbò ló wà nínú mọ́tò! Ẹ má ṣí i o! Bí ẹ bá ṣí i, ajá yẹn á lé e wọ Indiana. Ẹ so Kòkànyín mọ́lẹ̀, mò ń bọ̀."

"Kí lo fẹ́ fi wá? Ṣebí ọ̀dọ̀ mi ni mọ́tò rẹ wà."

Òótọ́ ni. Ọkọ̀ ojú irin kò dé Lansing, agogo mẹ́rin sì ti kọjá. Mọ́tò kan ṣoṣo tó wà nítòsí ni Bíúìkì aláwọ̀ eérú tó wà lẹ́yìn ilé Màmá Stella.

Ó lọ kanlẹ̀kùn. Nígbà tí ìyá náà ṣí i, Jìbírílù gbàgbé pé Amẹ́ríkà lòun wà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà.

"Kí ló ṣe ọ́? Dìde! Ṣé àìsàn ọkàn ni?"

"Màmá, mo mọ ibi tí Sájẹ́ǹtì wà. Ó wọ inú mọ́tò mi nígbà tí mò ń kírun lọ́wọ́, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láìmọ̀. Mọ́tò ti wà ní Lansing. Bó bá fi máa di agogo mẹ́fà, ó ń lọ sí Áfíríkà."

Màmá Stella wọlé, ó mú àpò ìfàlọ́wọ́ rẹ̀, tí ìwé ẹ̀sùn wà nínú rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó wọ fìlà.

"Ó wà láàyè?"

"N ò mọ̀, mà."

"Wọlé sí mọ́tò."

Ẹ ò tíì rí ẹni tó ń rọra wakọ̀ bíi Màmá Stella. Lórí èkìsìpíréèsì, àwọn tírélà ń kọjá lára wọn bí ìjì, kẹ̀kẹ́ ọmọdé ì bá yà wọ́n sílẹ̀. Jìbírílù ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń ka gbogbo àdúà tó mọ̀, ó kà wọ́n tán, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀."

"Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń wakọ̀, ọlọ́pàá ò dá mi dúró rí. Ìwọ lo fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀, àbí èmi?"

Jìbírílù padà sídìí àdúà rẹ̀.

"Lójoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ tí o ń pariwo mọ́ ọn," ni ìyá náà wí nígbà tó yá, ojú rẹ̀ ò kúrò lọ́nà. "Ọkọ mi ló gbé e wálé. Kò tíì la ojú nígbà náà. Inú bàtà iṣẹ́ rẹ̀ ló ń sùn."

"Màmá, n ò lè purọ́ fún yín. Ẹ̀rù ológbò ló ń bà mí."

"Kí ló ń bà ọ́?"

"Ẹ̀rù. Láti kékeré."

Màmá Stella yíjú wo ọkùnrin gìrìpá tó jókòó ti òun láti òkè délẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó pa á mọ́.

Agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú márùnlélógójì ni wọ́n wọ ọgbà Bádéjọ. Tírélà ti ṣáájú wọn dé. Mọ́tò mẹ́ta ti wà lórí rẹ̀, Pijó ló kàn, dírẹ́bà sì ti ń gbé ọwọ́ síbàdí. Bádéjọ ti so Kòkànyín mọ́ òpó, ajá náà sì jókòó, ó tẹ ojú mọ́ Pijó, kò gbó mọ́.

"Ìgbà wo ló ti dákẹ́?" ni Jìbírílù béèrè.

"Ó tó ìdajì wákàtí."

Jìbírílù kò túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá Stella.

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Òórùn kan jáde tó mú kí dírẹ́bà òyìnbó fi fìlà bo imú. Jìbírílù bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jáde. Ẹrù tó fi odindi ọjọ́ kan dì, ó tú u ká láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá: páálí mílíìkì sọ́tùn-ún, táyà sósì, ẹ̀rọ ìránṣọ lórí koríko. Bádéjọ díákónì pàápàá ká apá ẹ̀wù, ó ń gbé aṣọ òkìríkà. Òyìnbó tí ọgbà wọn jọ pààlà jáde wá wòran, lọ́jọ́ náà ẹnikẹ́ni ò bá a wí.

"Sájẹ́ǹtì!" ni Màmá Stella ń pè. "Sájẹ́ǹtì, ọmọ mi!"

Kò sí ìdáhùn.

Ó ku ẹ̀yìn ìjókòó iwájú lọ́hùn-ún, níbi tí ìkòkò wà. Ọwọ́ ò dé ibẹ̀ láti ìta. Jìbírílù bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó fi ikùn wọ́ wọ inú mọ́tò, ó nawọ́ sínú òkùnkùn ìkòkò náà. Ohun rírọ̀ kan ló kàn. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ni. Ó tún nawọ́ sísàlẹ̀. Ohun rírọ̀ míì ló tún kàn, èyí gbóná.

"Ó gbóná!" ló kígbe láti inú mọ́tò. "Màmá, ó gbóná!"

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni Sájẹ́ǹtì fi èékánná márààrún fa ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ya. Kò sí ohun tó dùn mọ́ Jìbírílù tó ìyẹn rí láyé rẹ̀. Òkú kì í ha èèyàn lọ́wọ́. Ó di ológbò náà mú pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó gbé e mọ́ àyà, ara rẹ̀ ń gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde. Ojú ológbò náà ti jìn, ahọ́n rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n nígbà tó rí Màmá Stella, ó la ẹnu, ó sì ké, fíìn-ín.

Ìyá náà gbà á, ó jókòó sórí táyà kan, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Bádéjọ bu omi wá nínú abọ́ Kòkànyín. Sájẹ́ǹtì lá omi náà tán, ó ní kí wọ́n tún bù sí i. Ajá náà wò ó, kò ṣe nǹkankan.

"Láti àná, àánú ló ń ṣe é," ni Bádéjọ wí, ó fọwọ́ pa orí ajá rẹ̀. "Èmi rò pé oògùn olóró lo dì síbẹ̀ ni, Jìbí. Fi orí jì mí."

Nígbà náà ni Jìbírílù tó rántí ìwé. Ó dúró níwájú Màmá Stella, ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá... ti ọ̀la ńkọ́?"

Màmá Stella wo ẹsẹ̀ ológbò rẹ̀. Ìgbẹ́ ọjọ́ méjì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ṣí àpò ìfàlọ́wọ́, kò rí áńkáṣíìfù kankan níbẹ̀. Ìwé ẹ̀sùn ló fà yọ. Ó ya á sí méjì, ó fi apá kan nu ẹsẹ̀ iwájú, ó fi èkejì nu ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó nù ún dáadáa láàárín ìka, ó ká a, ó sì nà án sí Jìbírílù.

"Bá mi jù ú sínú gábéèjì."

Jìbírílù gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni gba ìwé ẹ̀rí. Ó rìn lọ sídìí gábéèjì, ó jù ú síbẹ̀, ó sì dúró fún ìgbà díẹ̀ kó lè mí. Láti agogo mẹ́ta àbọ̀, kò tíì mí kanlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn, agogo mẹ́fà ti lù o," ni dírẹ́bà wí.

Ni Jìbírílù bá dojú kọ ẹrù. Wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ló fi dì í padà, dírẹ́bà òyìnbó sì bọ́ fìlà fún un. Ìkòkò nìkan ni kò bá wọn lọ. Ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn náà pé òmíràn ń bọ̀. Pijó gun orí tírélà, wọ́n fi ṣéènì dè é, ó lọ.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Màmá Stella ní kí Jìbírílù gbé Sájẹ́ǹtì lé itan, nítorí òun ò lè wakọ̀ kí òun tún gbé ológbò. Jìbírílù kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ gan-an bí igi, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀rù ṣì ń bà ọ́?"

"Díẹ̀, mà."

"Gbé ọwọ́ rẹ lé e lẹ́yìn. Rọra. Bẹ́ẹ̀ yẹn."

Ológbò náà yí, ó ká ara kò, ó sùn. Oorun náà wúwo débi pé nígbà tí wọ́n dé South Shore, tí Ràhámọ̀tù sáré jáde wá ṣílẹ̀kùn mọ́tò, Jìbírílù fi ìka sí ẹnu pé kó má pariwo. Màmá Stella pa ẹ́ńjìnnì. Kò sí ẹni tó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n jókòó síbẹ̀ báyẹn, wọ́n jẹ́ kó sùn díẹ̀ sí i.